Pípààrọ̀ bíréèkì ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá nínú kọ́ńpáǹdì yín: ìbéèrè àti ìdáhùn láti Ìkòròdú

Mo ń wa kẹ̀kẹ́ ní Ìkòròdú níbí, láàárín Sábó àti Ìgbógbó ni mo máa ń wà jù, èmi fúnra mi ni mo sì ń ṣe bíréèkì kẹ̀kẹ́ mi nílé. Àwọn tá a jọ ń tò ní páàkì ti mọ̀, ìdí nìyẹn tí ìbéèrè ò fi dáwọ́ dúró, ẹlòmíì á ya fọ́tò dúróòmù ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp láago mọ́kànlá alẹ́ pé ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo eléyìí. Mo wá ní kí n kó gbogbo ẹ̀ síbì kan. Kẹ̀kẹ́ elérò bíi Bajaj RE àti TVS King ni mò ń sọ, àwọn tá à ń pè ní Márúwá látìgbà tí Buba Marwa fi jẹ gómìnà ológun ní Èkó láàárín 1996 sí 1999. Màá fẹnu ba ti akẹ́rù náà nísàlẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé bíréèkì ẹ̀yìn ti ń tán?

Pẹ́dà ló máa kọ́kọ́ sọ fún yín. Tó bá jẹ́ pé tẹ́lẹ̀, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ báyìí ló ti gbá kẹ̀kẹ́ mú, tó wá di pé ó ń lọ jìnnà sísàlẹ̀ kó tó mú, láínì ti ń jẹ nìyẹn, ìyẹn ohun tó máa ń fẹ̀ lọ ha inú dúróòmù, irin róbótó ara táyà, kó lè dá a dúró. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì léraléra tó wá gòkè padà, àlàfo ti pọ̀ láàárín láínì àti dúróòmù, nígbà míì ẹ kàn máa fún un kí láínì tún sún mọ́ dúróòmù ni, kò tíì tó pààrọ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé ẹsẹ̀ lé e tó wá ń rọra lọ sílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín bí ohun tó ń rì, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ láínì o, fúlúìdì, omi bíréèkì, ló ń jò níbì kan tàbí kí másítà síléńdà, èyí tí pẹ́dà ń tì, ti ṣiṣẹ́ tán, ẹ má gbé èrò kankan, kódà ẹ má gbé kẹ̀kẹ́ yẹn jáde nílé rárá. Tó bá sì rọ̀ bíi fóòmù, afẹ́fẹ́ ti wọ inú páìpù.

Ariwo náà wà ńbẹ̀. Tó bá ń dún gíríígírí bí ìgbà tí wọ́n ń ha ìkòkò, irin ti ń jẹ irin, owó dúróòmù lẹ fi ń ṣeré yẹn. Ẹ tún wo háńdì bíréèkì, torí táyà ẹ̀yìn nìkan nìyẹn ń dì mú, tẹ́ ẹ bá fà á dé òkè pátápátá tí kẹ̀kẹ́ sì tún ń yọ̀ lọ níbi tó dà gẹ̀rẹ́, ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ wò. Kẹ́ ẹ sì máa bẹ̀rẹ̀ wo inú táyà láàárọ̀, lápá ibi tó kọjú sí ara wọn yẹn, tó bá tutù tó ń dán, nǹkan ti ń jò.

Kí ló dé tó jẹ́ ti ẹ̀yìn ló máa ń yọ wá lẹ́nu jù?

Pẹ́dà yẹn, táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń bá ṣiṣẹ́, fúlúìdì ló ń gbé agbára ẹsẹ̀ yín lọ bá wọn. Àmọ́ ẹ̀yìn ni èrò mẹ́ta ń jókòó sí, ẹ̀yìn náà lẹ̀ ń di àpò gaàrì àti agbọ̀n ẹja sí tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ láti ọjà. Lẹ́yìn ìyẹn, háńdì bíréèkì wà lára ẹ̀yìn, àwa kan sì wà tá a máa ń gbàgbé láti sọ ọ́ kalẹ̀ dáadáa, a ó wá máa wa kẹ̀kẹ́ lọ tí láínì ń ha dúróòmù títí dé ibùdókọ̀. Tójò bá tún dé, ẹ mọ bí ọ̀nà àdúgbò wa ṣe máa ń rí, omi dúdú àti iyanrìn á wọ inú dúróòmù, iyanrìn yẹn á máa ṣiṣẹ́ bíi sáńpépà láàárín láínì àti irin.

Mi ò kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Ṣé mo lè ṣe é fúnra mi lóòótọ́?

Láínì pípààrọ̀, fífún un, àti fífa afẹ́fẹ́ jáde, ẹ lè ṣe é tẹ́ ẹ bá ní sùúrù tẹ́ ẹ sì ní irinṣẹ́ tó yẹ. Àmọ́ ẹ jẹ́ kẹ́ni tó mọ̀ ọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lẹ́ẹ̀kíní, kó kàn jókòó kó máa wò yín, kó má fọwọ́ kàn án. Tó bá jẹ́ pé páìpù bíréèkì ti dípẹtà tó fẹ́ já, tàbí dúróòmù ti sán, tàbí másítà síléńdà ló bà jẹ́, ẹ gbé e lọ bá ọ̀gá tó mọṣẹ́. Kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀. Bíréèkì kì í ṣe nǹkan téèyàn fi ń dánra wò.

Kí ni mo máa ní nílẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀?

Jáàkì tó lágbára, pákó líle tó nípọn, sípánà táyà, sọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá tó wọ nọ́ọ̀tì àárín (èyí tó di dúróòmù mú) pẹ̀lú ọ̀pá gígùn tẹ́ ẹ máa fi tú u, páláyà, sukudíráfà alápẹtẹ, òòlù, búrọ́ọ̀ṣì onírin, sáńpépà, àkísà tó mọ́, ìbòmú, omi nínú ìgò tẹ́ ẹ lu ihò sí lórí. Láínì tuntun fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Píìnì tuntun, èyí tó ń gba inú nọ́ọ̀tì àárín kọjá tí wọ́n ń tẹ̀ létí, ẹ má lo ti àtijọ́, owó ẹ̀ ò tó nǹkan, òun ló sì ń dá nọ́ọ̀tì dúró kó má bàa tú lójú ọ̀nà. Kẹ́ ẹ tún ra fúlúìdì ìgò kan tí wọn ò tíì ṣí. Fóònù yín náà wúlò, màá sọ bó ṣe wúlò láìpẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ Sunday ni mo fẹ́ràn láti ṣe é, tí ìmọ́lẹ̀ wà tí kò sì sẹ́ni tó ń kánjú mi. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, NEPA ò ní bá yín mú ìlérí ṣẹ.

Ṣé mo lè gbé e lé búlọ́ọ̀kù?

Rárá o. Mo bẹ̀ yín. Búlọ́ọ̀kù tá a fi ń kọ́lé, tí wọ́n fi iyanrìn àti sìmẹ́ǹtì pò, kì í sọ fún èèyàn kó tó fọ́, ó lè dúró fún wákàtí kan kó wá rún lẹ́ẹ̀kan náà tẹ́ ẹ bá fi òòlù gbá dúróòmù, torí gbígbá yẹn ń mì í. Jáàkì nìkan náà ò tó. Ẹ fi pákó líle tó nípọn há táyà iwájú níwájú àti lẹ́yìn, ẹ tú nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀ nígbà tí kẹ̀kẹ́ ṣì wà nílẹ̀, nọ́ọ̀tì àárín náà, ẹ yọ píìnì ẹ̀ kẹ́ ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá ti gbé e sókè, ẹ máa kàn máa yí táyà ká ni. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá fi jáàkì gbé e, kẹ́ ẹ to pákó sábẹ́ férémù níbi tó lágbára, kẹ́ ẹ rọra sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀ sórí pákó yẹn. Kẹ́ ẹ tó wọ abẹ́ ẹ̀, ẹ tì í pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Tó bá mì, ẹ tò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.

Orí ilẹ̀ tó le ni kẹ́ ẹ ti ṣe é. Nínú iyanrìn, ẹsẹ̀ jáàkì á máa rì.

Ó dáa, báwo ni mo ṣe máa tú u?

Ẹ sọ háńdì bíréèkì kalẹ̀ pátápátá ná, nítorí táwọn kan bá gbàgbé ìyẹn wọ́n á fi òòlù na dúróòmù títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ yọ táyà. Ẹ yọ nọ́ọ̀tì àárín àti wọ́ṣà ẹ̀, kẹ́ ẹ fa dúróòmù jáde gbọọrọ sí ara yín.

Ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ fóònù nìyí. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan nínú ibẹ̀, ẹ ya fọ́tò ẹ̀, ẹ yà á láti iwájú, ẹ yà á láti ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ rí ihò tí sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan kọ́ sí, àti èwo ló wà lókè, èwo ló wà nísàlẹ̀, àti ibi tí apá háńdì bíréèkì gbà. Ẹ̀gbẹ́ kan ni kẹ́ ẹ tú tán kẹ́ ẹ sì dì tán kẹ́ ẹ tó kan ìkejì, tó fi jẹ́ pé tí ọkàn yín bá dàrú, ẹ máa lọ wo ẹ̀gbẹ́ kejì tó ṣì wà bó ṣe wà. Ìgbà kan wà tí mo tú méjèèjì pa pọ̀, sípíríǹgì mẹ́rin lórí ìwé ìròyìn, adìẹ gba orí ẹ̀ kọjá, àtàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni mo fi wá bí wọ́n ṣe ń jókòó.

Ẹ fi páláyà yọ sípíríǹgì, ẹ mú ojú yín kúrò lápá ibi tó lè fò sí. Ẹ yọ láínì méjèèjì, kẹ́ ẹ tú wáyà háńdì bíréèkì kúrò lára apá ẹ̀.

Ẹ kìlọ̀ fún gbogbo ará ilé kẹ́nikẹ́ni má tẹ pẹ́dà tí dúróòmù bá ti kúrò lára ẹ̀. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, písítìnì inú síléńdà kékeré tó ń ti láínì á fò jáde, fúlúìdì á dà, iṣẹ́ wákàtí méjì á di iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn láti jókòó sí síìtì dírẹ́bà kí wọ́n máa ṣe fíìn fíìn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ kẹ̀kẹ́, tàbí kẹ́ ẹ fi pákó há pẹ́dà.

Dúróòmù kọ̀ láti jáde, mo ti na án títí.

Ẹ dáwọ́ nínà dúró. Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé láínì ti jẹ inú dúróòmù tó fi di kòtò, etí dúróòmù wá ga ju inú lọ, ló bá ń há mọ́ láínì. Ẹ wo ẹ̀yìn páléètì, irin pẹrẹsẹ tí wọ́n to láínì mọ́, ó máa ń ní ihò tí wọ́n fi rọ́bà dí tàbí orí bọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń fún bíréèkì, ẹ dẹ̀ ẹ́ padà kí láínì lè súnra wọlé. Ẹ tún dẹ wáyà háńdì bíréèkì. Tó bá ṣì kọ̀, ẹ fi pákó sí ẹ̀gbẹ́ dúróòmù kẹ́ ẹ máa fi òòlù gbá pákó yẹn díẹ̀díẹ̀ yí i ká, kì í ṣe ojú kan ṣoṣo. Tó bá jẹ́ ipẹtà ló dì í mú láàárín, ẹ fi ọ́ìlì tó ń wọ ipẹtà sí i kẹ́ ẹ jẹ́ kó mu ún, ẹ lọ jẹun, kẹ́ ẹ padà wá. Òòlù lásán lórí irin dúróòmù ló ń sán án, ìsán yẹn kì í sì hàn títí di ọjọ́ tí bíréèkì bá gbóná.

Mẹkáníìkì wa máa ń fi afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku ẹ̀ dànù. Ṣé kí èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí gan-an. Eruku dúdú yẹn, ara láínì ló ti jáde, àwọn láínì kan ṣì wà lágbàáyé tí wọ́n fi asbestos ṣe, tí wọn ò sì kọ ọ́ sára páálí. Asbestos máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ jókòó, kì í jáde mọ́, ó lè tó ogún ọdún sí ogójì ọdún kí àrùn ẹ̀ tó yọjú, jẹjẹrẹ sì wà lára ẹ̀. Ẹ ò lè fojú mọ èyí tó ní in yàtọ̀ sí èyí tí kò ní in. Torí náà gbogbo ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe bíi pé ó ní in: ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kó fi pọ́ǹpù fẹ́ ẹ, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a. Ẹ wọ ìbòmú, ẹ wọ́n omi sí i títí tó fi tutù dáadáa, kẹ́ ẹ fi àkísà nù ún, kẹ́ ẹ di àkísà yẹn sínú ọ̀rá kẹ́ ẹ jù ú nù. Ẹ má sọ àwọn ọmọ síbẹ̀ pé kí wọ́n máa bá yín mú tọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọmọṣẹ́ kékeré ní ṣọ́ọ̀bù ló ń fa èyí tó pọ̀ jù símú, ọmọ ọdún 12, 13, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn.

Kí ni kí n wò kí n tó fi tuntun sí i?

Ẹ má kánjú níbi yìí, torí ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí, láínì ò kàn ń tán lásán.

Ẹ fi èékánná rọra gbé etí rọ́bà tó wà lẹ́nu síléńdà kékeré yẹn sókè. Tó bá gbẹ, ó dáa. Tí fúlúìdì bá tọ jáde lábẹ́ ẹ̀, rọ́bà inú ti tán, ẹ pààrọ̀ rọ́bà tàbí síléńdà lódindi. Tẹ́ ẹ bá fi láínì tuntun sí ibẹ̀ láìṣe ìyẹn, ọ̀sẹ̀ méjì ni, á ti mu fúlúìdì.

Tí ibi tó tutù bá jẹ́ àárín, tó nípọn, tó ń rùn bí ọ́ìlì gíà, síìlì áàsì, rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì gíà dúró, ló ń jò. Fúlúìdì bíréèkì máa ń ṣàn bí omi, ti gíà máa ń fà. Ẹ pààrọ̀ síìlì yẹn kẹ́ ẹ tó dì í.

Dúróòmù ńkọ́? Ẹ fi ìka yín yí inú ẹ̀ po. Tí ìlà díẹ̀díẹ̀ bá wà ńbẹ̀, sáńpépà á tán an. Tó bá ti di kòtò tí èékánná ń há sí, ẹ gbé e lọ bá tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, kó bá yín gé e, ṣùgbọ́n ẹ wò ó, iye tí inú dúróòmù ò gbọ́dọ̀ fẹ̀ jù máa ń wà lára irin náà, wọ́n á kọ MAX sí i pẹ̀lú nọ́ńbà. Tó bá ti kọjá ẹ̀, ẹ ra òmíì. Ìlà tó gbọ̀ọ̀rọ̀ bí irun tó ti etí wọ inú, ìyẹn ni sísán, ìyẹn ò ní àtúnṣe.

Ẹ̀gbẹ́ kan ló tán, èkejì ṣì dáa. Ṣé kí n pààrọ̀ ẹyọ kan ná?

Rárá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Nígbà tí mi ò tíì máa ṣe é fúnra mi, mo gbé kẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan, owó ọwọ́ mi ò tó, ó ní ẹ̀gbẹ́ òsì ló tán, ká ṣe ìyẹn ná. Ó ṣe é. Lọ́jọ́ kejì òjò rọ̀, mo gbé ìyá kan àtàwọn ọmọ ẹ̀ méjì, ọ̀kadà kan já síwájú mi lójú ọ̀nà Ìgbógbó, mo tẹ bíréèkì, òsì gbá mú, ọ̀tún ò mú, kẹ̀kẹ́ bá yí sápá òsì lẹ́ẹ̀kan náà, etí gọ́tà la dúró sí. Táyà kan wà lórí afẹ́fẹ́. Ìyá yẹn ò bú mi, ó kàn di àwọn ọmọ ẹ̀ mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo dá owó ẹ̀ padà, mo sì ti kẹ̀kẹ́ wálé. Táyà mẹ́ta ni kẹ̀kẹ́ ní, iwájú ẹ̀ ẹyọ kan, tí ẹ̀yìn bá mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ju ìkejì lọ, kò sí ohun tó máa dá a dúró kó má yí. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, láínì irú kan náà, inú páálí kan náà tó bá ṣeé ṣe.

Láínì tó ti mu ọ́ìlì, ṣé kí n fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́ tàbí kí n yan án lórí iná?

Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é. Ọ́ìlì ti wọ inú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́, ojú ẹ̀ lásán ló máa gbẹ, tí bíréèkì bá gbóná, ọ́ìlì á tún là jáde. Tẹ́ ẹ bá yan án, gọ́ọ̀mù tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin á jó, láínì lè ṣí kúrò lára irin lórí eré. Ẹ jù ú nù.

Pẹtiróòlù tún ní ewu mìíràn, ẹ má jẹ́ kó kan rọ́bà inú síléńdà láé. Rọ́bà bíréèkì àti epo rọ̀bì kì í gbé pọ̀, ó máa wú. Fúlúìdì bíréèkì fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi fọ inú síléńdà.

Báwo ni mo ṣe máa mọ láínì ayédèrú?

Ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà, bẹ́ ẹ lọ Ládípọ̀ o, bẹ́ ẹ rà á ní Sábó o. Ẹ fi ẹyọ kan lé èkejì, ìtẹ̀kọrọ̀ wọn gbọ́dọ̀ bára mu, ihò sípíríǹgì gbọ́dọ̀ wà lójú kan náà. Ẹ wo ibi tí láínì ti pàdé irin, kò gbọ́dọ̀ sí àlàfo tí èékánná lè wọ̀. Kó má sán, kó má máa rún lọ́wọ́ bíi bísíkíìtì, kó má nípọn lápá kan ju apá kejì. Èyí tí owó ẹ̀ bá já wálẹ̀ gan-an sí ti àwọn yòókù, ẹ bi ara yín léèrè.

Dídì í padà ńkọ́?

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin yọ ipẹtà níbi tí láínì ti ń fara kan páléètì ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ fi gíríìsì tó ń gba ooru díẹ̀ kan ibẹ̀, díẹ̀ bí ìwọ̀n àtíkè tí wọ́n fi ń kan iwájú orí ọmọ. Kò gbọ́dọ̀ kan ojú láínì. Ẹ fọ ọwọ́ yín kẹ́ ẹ tó gbá láínì tuntun mú.

Láínì tuntun nípọn, á ti písítìnì padà sínú síléńdà, fúlúìdì inú ike tí wọ́n ń dà á sí lókè á sì ga sí i. Ẹ lọ wò ó, tó bá ti kún tẹ́lẹ̀ ẹ fa díẹ̀ jáde, torí tó bá dà sára kẹ̀kẹ́, á bó ọ̀dà ẹ̀. Tó bá dà, omi púpọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ fi láínì tuntun síbẹ̀, ẹ dá wáyà háńdì bíréèkì padà sára apá ẹ̀, kẹ́ ẹ di sípíríǹgì bó ṣe wà nínú fọ́tò. Ẹ dá dúróòmù padà, ẹ di nọ́ọ̀tì àárín, ẹ gbé táyà sí i, ẹ fún nọ́ọ̀tì táyà ní ìdojúkọra kì í ṣe ní títò yí po. Lẹ́yìn náà ẹ wá fún bíréèkì: ẹ máa yí ohun tí wọ́n fi ń fún un títí táyà ò fi ní yí mọ́, kẹ́ ẹ wá dẹ̀ ẹ́ padà díẹ̀díẹ̀ títí tó fi ń yí tẹ́ ẹ sì ń gbọ́ fííì kékeré kan. Ẹ tẹ pẹ́dà bí ìgbà mẹ́wàá kí láínì lè jókòó, kẹ́ ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ le bákan náà lọ́wọ́. Háńdì bíréèkì lẹ máa fún kẹ́yìn.

Tí kẹ̀kẹ́ bá ti bọ́ sílẹ̀, ẹ fún nọ́ọ̀tì àárín parí pẹ̀lú ọ̀pá gígùn, kẹ́ ẹ fi píìnì tuntun sí i. Tí ihò ò bá bára mu, ẹ fún un síwájú díẹ̀ kó bára mu, ẹ má dẹ̀ ẹ́ padà torí píìnì.

Ṣé dandan ni kí n fa afẹ́fẹ́ jáde?

Tẹ́ ẹ ò bá tú síléńdà tàbí páìpù, kò pọn dandan. Tẹ́ ẹ bá tú u, tàbí tí pẹ́dà rọ̀ bíi fóòmù, ẹ gbọ́dọ̀ ṣe é. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, torí òun ló jìnnà jù sí másítà síléńdà, iwájú lẹ máa fi parí. Ẹ fi páìpù rọ́bà kékeré tó mọ́ gaara sí ẹnu nípù, ẹnu kékeré tí fúlúìdì ń gbà jáde, tó wà lẹ́yìn páléètì, kẹ́ ẹ ki orí ẹ̀ kejì bọ inú ìgò tó ní fúlúìdì díẹ̀. Ẹnì kan á tẹ pẹ́dà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ ṣí nípù, ẹ máa rí i tí afẹ́fẹ́ ń jáde bí ìfóòfò ọṣẹ, ẹ dì í, kí ẹni yẹn tó gbé ẹsẹ̀. Tó bá gbé ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ tó dì í, ó ti fa afẹ́fẹ́ wọlé padà nìyẹn. Ẹ tún un ṣe títí tí ìfóòfò ò fi ní sí mọ́, kẹ́ ẹ sì máa bu fúlúìdì kún ike lókè, kó má gbẹ láé, tó bá gbẹ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Fúlúìdì wo? Àti pé ọ́ìlì ẹnjìnì ńkọ́, nígbà tí ti bíréèkì bá tán lójú ọ̀nà?

Ẹ wo orí ìdérí ike, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, DOT 3 tàbí DOT 4. Àwọn méjèèjì yìí lè pàdé láìbà jẹ́. DOT 5 yàtọ̀ pátápátá, sílíkóònù ni, ẹ má pò ó mọ́ wọn. Ọ́ìlì ẹnjìnì, ọ́ìlì gíà, omi ọṣẹ, ẹ má dà á sí i, ọ́ìlì á mú kí gbogbo rọ́bà wú láti iwájú dé ẹ̀yìn, títí kan ti másítà síléńdà, ẹ máa wá ra gbogbo ẹ̀ ní tuntun.

Fúlúìdì máa ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́, ọ̀sà sì wà nítòsí wa ní Ìkòròdú níbí, afẹ́fẹ́ wa tutù. Tí omi bá pọ̀ nínú ẹ̀, tí bíréèkì wá gbóná, omi yẹn á hó, á di ooru nínú páìpù, pẹ́dà á kàn lọ sílẹ̀ bọ̀ọ̀. Ẹ pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ ní ọdún méjì-méjì. Ìgò tẹ́ ẹ ṣí láti ọdún tó kọjá, ẹ má lò ó.

Mo ti parí, ṣé mo lè lọ gbé èrò?

Kò tíì yá. Ẹ kọ́kọ́ tẹ pẹ́dà lórí ìdúró, kó le. Ẹ wà á nínú àdúgbò bí ìrìn ẹsẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ń yà sápá kan. Lẹ́yìn náà ẹ wá ibi tó ṣófo, ẹ rọra sáré díẹ̀ kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ bí ogún ìgbà, kẹ́ ẹ máa fún un láyè láti tutù láàárín, torí láínì tuntun ò tíì bá ìtẹ̀kọrọ̀ dúróòmù mu, ibi díẹ̀ ló ń kàn. Lọ́jọ́ kìíní ẹ jìnnà sí ọkọ̀ iwájú ju bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe lọ. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ẹ fún nọ́ọ̀tì táyà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Tẹ́ ẹ bá dúró tẹ́ ẹ sì rí i pé táyà kan gbóná ju ìkejì lọ, tó ń rùn bí ìgbà tí aṣọ ń jó, ẹ fún un jù ni tàbí kí wáyà háńdì bíréèkì há. Ẹ sún ọwọ́ mọ́ ọn láti ẹ̀gbẹ́, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ńkọ́, èyí tó ní ara ọ̀kadà níwájú?

Ohun tó wà nínú dúróòmù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bákan náà. Àwọn kan ń lo fúlúìdì, àwọn kan ọ̀pá irin àti wáyà ló ń fa láínì. Èyí tó jẹ́ ti ọ̀pá ò ní ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ rí i pé ọ̀pá òsì àti ọ̀tún ń fà lákòókò kan náà, kẹ́ ẹ fi gíríìsì sí ìdí apá tó ń yí láínì. Ẹrù sìmẹ́ǹtì lẹ fi ń kó, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù.

Ta ni kó bá mi tẹ pẹ́dà? Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọdún 14.

Ọmọ ọdún 14 lè ṣe é dáadáa tó bá ń gbọ́rọ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni kẹ́ ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan lé: "tẹ̀ ẹ́", "dì í mú", "fi sílẹ̀". Kó máa dá yín lóhùn ní gbogbo ìgbà, tẹ́ ẹ bá ní "dì í mú" kó ní "mo ti dì í mú" kẹ́ ẹ tó ṣí nípù, torí ẹ̀yin wà nísàlẹ̀, ẹ ò rí ẹsẹ̀ ẹ̀. Kó má fi fóònù sétí. Ní tèmi ìyàwó mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, ó ti mọ̀ ọ́n débi pé òun ló máa ń sọ fún mi láti òkè pé "Bàbá Sọdíìq, ó ti le, afẹ́fẹ́ ti tán", kí èmi tó rí i nínú páìpù rọ́bà.